Bruno Rossi (1905–1993): Ìgbé Ayé Aṣáájú kan nínú Wíwá Orírun Ìtànṣán X-ray Ojú Ọ̀run

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá jókòó sí ìta gbangba ní alẹ́ tí òṣùpá kò yọ, ojú rẹ̀ yóò rí ìràwọ̀ lọ súà ní ojú ọ̀run. Láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn ti gbà pé ohun tí ojú bá rí lókè ni ohun tí ó wà lókè. Ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀rúndún ogún ni ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú oríṣiríṣi ìtànṣán tí ń ti òkè bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ojú kò lè rí ni ìtànṣán X-ray, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká a máa gbé ìtànṣán yìí mì kí ó tó dé ilẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ pé ó wà, àfi tí ó bá rán ẹ̀rọ lọ sí òkè réré.

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ rí ìtànṣán X-ray tí kì í ṣe ti oòrùn ní ọdún 1962, ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ẹni tí ó gbọ́ ìró bàtá ní òru. Ìró ìlù náà dé etí rẹ̀ kedere, ó sì mọ apá ibi tí ó ti ń dún, ṣùgbọ́n kò mọ agbo ilé tí onílù wà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí ń lu ìlù náà. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ tí ó wà ní apá kan ojú ọ̀run, èwo gan-an ni ó ń tan ìtànṣán náà? Bí a kò bá mọ ìràwọ̀ tí ojú lè rí tí ó bá ìtànṣán náà mu, kò sí bí a ṣe lè mọ bí ó ti jìnnà tó, bí ó ti tóbi tó, tàbí ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Bruno Rossi wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ìbéèrè yìí wáyé, ọmọ ilé ìwádìí rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó rí ìdáhùn sí i. Ìtàn ìgbé ayé rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì ni a ti bí Bruno Rossi ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1905. Rino Rossi ni orúkọ baba rẹ̀, Lina Minerbi sì ni ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n bí. Ẹnjiníà iná mànàmáná ni baba rẹ̀, ó sì kópa nínú iṣẹ́ tí ó mú iná náà wọ ìlú Venice. Ilé ni wọ́n ti kọ́ Bruno ní ìwé títí tí ó fi pé ọmọ ọdún 14, kí ó tó lọ sí ilé-ìwé ní ìlú náà. Lẹ́yìn èyí, ó lọ sí Yunifásítì Padua, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Bologna ní ọdún 1927.

Ní ọdún 1928, ó di olùrànlọ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Antonio Garbasso, ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Florence, tí ó tún jẹ́ olórí ìlú náà. Orí òkè kan tí ń jẹ́ Arcetri ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Kò jìnnà sí ilé tí Galileo ti lo ìyókù ayé rẹ̀ lábẹ́ ìsémọ́lé nítorí pé ó ní ayé ni ó ń yí oòrùn po. Owó kò pọ̀ ní Arcetri, irinṣẹ́ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ bí i Gilberto Bernardini àti Giuseppe Occhialini wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìtara wọn sì borí àìní.

Ọgbọ́n Ẹ̀rọ tí ó Dá Sílẹ̀

Ní ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ìtànṣán kan ń ti òkè òfuurufú wá sí ayé ní ọ̀sán àti ní òru. Wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Robert Millikan, gbajúgbajà onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel, gbà pé irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ó lágbára gan-an ni. Ní ọdún 1929, Rossi ka ìwádìí àwọn ará Jámánì méjì, Walther Bothe àti Werner Kolhörster. Àwọn méjèèjì to ẹ̀rọ Geiger méjì lé ara wọn, wọ́n fi wúrà tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4.1 sí àárín wọn, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rọ méjèèjì a máa dún pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Èyí túmọ̀ sí pé ohun kan wà tí ó la wúrà náà já. Bí ohun tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ bá wà, ó ṣeé ṣe kí ìtànṣán náà máà jẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí ó jẹ́ àwọn ohun tíńtìntín tí ń sáré kíkankíkan.

Ìwádìí yìí ta Rossi jí. Láàárín ìwọ̀nba oṣù díẹ̀, ó ti lo àwọn tíúùbù rédíò láti ṣe ẹ̀rọ kan tí kì í fèsì àfi bí ẹ̀rọ Geiger méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá dún ní ìṣẹ́jú kan náà gẹ́lẹ́. Ó dà bí ilẹ̀kùn alágàdágodo mẹ́ta tí kò lè ṣí àfi bí àwọn ẹlẹ́kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi kọ́kọ́rọ́ wọn sí i pọ̀. Ó tẹ àlàyé ẹ̀rọ náà jáde ní ọdún 1930, àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Irú ọgbọ́n kan náà wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹ̀rọ yìí ni Rossi fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ìtànṣán òkè náà lè la òjé tí ó nípọn tó mítà kan já.

Ní ọdún 1931, wọ́n ṣe àpéjọ ńlá kan ní ìlú Rome, wọ́n sì ní kí Rossi, ọmọ ọdún 26, sọ̀rọ̀ lórí ìtànṣán òkè. Millikan fúnra rẹ̀ wà ní ìjókòó. Rossi kò fi ojú àgbà wo ẹ̀rí. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ pé ohun tí Millikan gbà kò bá àyẹ̀wò mu. Inú Millikan kò dùn sí i rárá. Ṣùgbọ́n Arthur Compton, ará Amẹ́ríkà mìíràn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, rí i pé òótọ́ ń bẹ níbẹ̀, ó sì wọ inú ìwádìí náà. Ní ọjọ́ iwájú, Compton yìí kan náà ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún Rossi nígbà tí ilé lé e tí ọ̀nà kò gbà á.

Ìrìn Àjò sí Ilẹ̀ Eritrea

Ní ọdún 1932, Rossi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Padua. Ó ti ronú tipẹ́ pé bí ìtànṣán òkè bá jẹ́ àwọn ohun tíńtìntín tí ó ní agbára iná mànàmáná, agbára òòfà tí ó wà nínú ayé yóò yí ọ̀nà wọn padà. Ìtànṣán tí ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ àti èyí tí ń ti ìlà oòrùn bọ̀ kò sì ní dọ́gba. Ó gbìyànjú láti rí ìyàtọ̀ yìí ní ilẹ̀ Ítálì, ṣùgbọ́n kò rí i. Ibi tí ó sún mọ́ àárín gbùngbùn ayé, tí ó sì ga, ni ó yẹ kí wọ́n ti wá a.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gbà lọ. Ní ọdún 1933, òun àti Sergio De Benedetti gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí Asmara ní ilẹ̀ Eritrea, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Ítálì nígbà náà. Ìlú náà ga tó mítà 2,370 sí ojú òkun. Níbẹ̀ ni Rossi ti rí ohun tí ó ń wá: ìtànṣán tí ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ pọ̀ ju ti ìlà oòrùn lọ. Ó hàn gbangba pé àwọn ohun tíńtìntín náà ní agbára iná tí à ń pè ní pọ́sítíìfù. Ó sàkíyèsí níbẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn ẹ̀rọ tí ó jìnnà sí ara wọn a máa dún pọ̀ nígbà mìíràn, bí ìgbà tí ọ̀wààrà òjò kan bá rọ̀ sórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ nípa ọ̀wààrà ìtànṣán nìyẹn.

Àmọ́ ayọ̀ rẹ̀ kò kún. Kí ó tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó lọ sí Mẹ́síkò ti rí irú ìyàtọ̀ kan náà, wọ́n sì ti kéde rẹ̀. Rossi ni ó kọ́kọ́ sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn àjò rẹ̀ pẹ́ kí ó tó ṣeé ṣe. Ó dùn ún, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ó mú òun ní ìrẹ̀wẹ̀sì.

Òfin Ẹ̀yà àti Ìlélọ

Nígbà tí Rossi padà sí Padua, wọ́n fi iṣẹ́ kíkọ́ ilé ìwádìí físíìsì tuntun lé e lọ́wọ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètò rẹ̀, láti orí àwòrán ilé títí dé orí irinṣẹ́, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1937. Ní oṣù kẹrin, ọdún 1938, ó gbé Nora Lombroso ní ìyàwó. Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ugo Lombroso ti Palermo ni Nora, ọmọ-ọmọ Cesare Lombroso tí ó gbajúmọ̀ ni pẹ̀lú.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó yìí ni nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1938, ìjọba Mussolini gbé òfin jáde pé àwọn Júù kò gbọdọ̀ kọ́ni ní ilé-ìwé ilẹ̀ Ítálì mọ́. Júù ni Rossi. Ìdílé rẹ̀ ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà, ìjọba ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbà á sílẹ̀. Wọ́n lé e kúrò nínú ilé ìwádìí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kò sì tíì lò ó ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Ẹni tí ó kọ́lé ni wọ́n sọ di àlejò. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 33.

Ní oṣù kẹwàá, ọdún kan náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ fi Ítálì sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, níbi tí Niels Bohr ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ibẹ̀, Patrick Blackett pè é sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1939, Compton pè é sí Chicago, tọkọtaya náà sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀bùn ọgbọ́n rẹ̀ ni ẹrù tí ó wúlò jù lọ tí ó gbé sọdá òkun.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀tun ní Amẹ́ríkà

Rossi kò jókòó kí ó máa sunkún ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, ó gun òkè Mount Evans ní ìpínlẹ̀ Colorado, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Mount Blue Sky ní ọdún 2023. Òkè náà ga tó nǹkan bí mítà 4,300. Níbẹ̀ ni ó ti wádìí ohun tíńtìntín kan tí wọ́n ń pè ní mesotron, tí orúkọ rẹ̀ di muon lẹ́yìn náà. Ó fi hàn pé ohun náà kì í pẹ́ láyé, pé ó ń kú lójú ọ̀nà bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àyẹ̀wò tí òun àti David Hall ṣe tẹ̀ lé e fi hàn pé àwọn tí ó yára jù ni ó ń pẹ́ jù kí wọ́n tó kú, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti sọ nípa ìgbà àti eré sísá. Nígbà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, òun àti Norris Nereson wọn ìwọ̀n ọjọ́ ayé rẹ̀: kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ní ọdún 1943, wọ́n pè é sí Los Alamos, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ní ìkọ̀kọ̀. Òun àti Hans Staub ni ó darí ẹgbẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Ní ọjọ́ 16, oṣù keje, ọdún 1945, nígbà tí wọ́n dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò, Rossi ni ó wọn bí agbára inú rẹ̀ ṣe ń ru sókè ní ìṣẹ́jú tí ó bú gbàmù. Ó yege nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbé ayé rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ìtẹ́lọ́rùn iṣẹ́ náà kò pẹ́ tí ó fi di ẹ̀bi àti àníyàn nípa ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ní ọdún 1946, ó gba iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀ jọ síbẹ̀. Lára wọn ni Minoru Oda láti Jàpáánì àti John Linsley. Ìwádìí ìtànṣán òkè ni wọ́n gbájú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè tí Ẹnìkan Kò Tíì Béèrè

Nígbà tí ilẹ̀ Rọ́ṣíà fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òkè ní ọdún 1957, ọ̀nà tuntun là fún ìwádìí. Rossi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ohun tí a kò tíì wò lókè. Ní ọdún 1949, àwọn onímọ̀ tí Herbert Friedman jẹ́ olórí wọn ti fi hàn pé oòrùn ń tan ìtànṣán X-ray. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ mìíràn bá ń tàn án ní ìwọ̀n kan náà, jíjìnnà wọn kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ ìgbà náà mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òfò ni wíwá a.

Èrò Rossi yàtọ̀. Ó gbà pé ìgbàkúùgbà tí ènìyàn bá ṣí fèrèsé tuntun sí ojú ọ̀run, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni ó sábà máa ń rí. Ní ọdún 1959, ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú ilé-iṣẹ́ kékeré kan, American Science and Engineering, èyí tí Martin Annis, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, dá sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì kan, Riccardo Giacconi, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ náà. Rossi sọ èrò yìí fún un, Giacconi sì gbà á tọkàntọkàn. Owó ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà mú èrò wá, ọ̀dọ́ sì mú agbára wá.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ni ó san owó iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣùpá ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kò fò dáadáa. Nínú èkejì, ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó ṣí fún ẹ̀rọ kọ̀, kò ṣí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbéra ní White Sands, ìpínlẹ̀ New Mexico, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí aago méjìlá òru tó lù ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1962. Ó ga tó kìlómítà 225, kò sì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ ní ibi tí ó ti lè rí ìtànṣán náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ti tó. Ìtànṣán X-ray kan tí ó lágbára ń bọ̀ láti apá gúúsù, kò sì ti ọ̀dọ̀ òṣùpá wá. Giacconi, Herbert Gursky, Frank Paolini àti Rossi fọwọ́ sí ìròyìn rẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Nítorí pé ó wà ní agbègbè àwọn ìràwọ̀ tí à ń pè ní Àkeekèé, Scorpius, wọ́n sọ ọ́ ní Scorpius X-1.

Ta ni Onílù?

Wàyí o, ìbéèrè ńlá dé. Ibi tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tọ́ka sí lójú ọ̀run fẹ̀ púpọ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ, ìràwọ̀ tí ó sì wà nínú rẹ̀ kò lóǹkà. Kò sí ẹni tí ó lè na ìka sí ọ̀kan kí ó sọ pé ìwọ ni.

Ti agbègbè kejì ni ó kọ́kọ́ yanjú. Friedman àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti rí ìtànṣán X-ray tí ń ti apá ibi tí Crab Nebula wà bọ̀. Èyí ni ìkùukùu tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìbúgbàmù ìràwọ̀ kan tí àwọn ará Ṣáínà rí ní ọdún 1054. Ní ọjọ́ 7, oṣù keje, ọdún 1964, òṣùpá kọjá níwájú rẹ̀, Friedman sì yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè ní àkókò náà gan-an. Bí òṣùpá ti ń bo ìkùukùu náà díẹ̀díẹ̀ ni ìtànṣán náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó hàn pé ìkùukùu náà ni orírun rẹ̀, pé kì í sì í ṣe ojú kan ṣoṣo bí ìràwọ̀.

Òṣùpá kì í gba iwájú Scorpius X-1 kọjá, nítorí náà ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n ní láti dá. Minoru Oda ni ó dá a nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ Rossi ní MIT. Ó to àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ ní ìpele sí iwájú ẹ̀rọ. Bí ẹni tí ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà onígi méjì tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń yọ tí ó sì ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán náà ń yọ tí ó sì ń pòórá bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń yí. Ìgbà tí ó yọ àti ìgbà tí ó pòórá ni wọ́n fi ṣírò ibi tí ó ti wá.

Ní oṣù kẹta, ọdún 1966, ẹgbẹ́ Giacconi àti ti MIT pawọ́ pọ̀ rán ẹ̀rọ yìí lọ sókè. Ohun méjì ni wọ́n rí. Èkíní, Scorpius X-1 kéré gan-an lójú ọ̀run, kì í ṣe ìkùukùu bí i ti Crab. Ó jọ ìràwọ̀. Èkejì, wọ́n mọ ibi tí ó wà débi pé agbègbè tí ó ṣẹ́ kù láti wò kò tó ìdá kékeré kan lára ojú òṣùpá. Wọ́n tún ṣírò bí ó ṣe yẹ kí ó rí lójú: ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré ju èyí tí ojú lásán lè rí lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn awòràwọ̀ ní Tokyo àti sí Allan Sandage ní Palomar, ìpínlẹ̀ California. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1966, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó yege, àwọn ará Tokyo rí i: ìràwọ̀ búlúù kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú, tí ó dúró síbi tí wọ́n sọ, tí ó sì rí bí wọ́n ṣe sọ. Awò ńlá ti Palomar fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn awò mìíràn ti ya àwòrán ìràwọ̀ yìí láìmọye ìgbà ṣáájú àkókò náà, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé oòrùn a máa tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ju ìtànṣán X-ray lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Ti Scorpius X-1 yí padà: ìtànṣán X-ray rẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,000. Irú ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ni. Ní ọdún 1975, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí yìí náà ni ó fi hàn pé méjì ni wọ́n, tí wọ́n ń yí ara wọn po láàárín nǹkan bí wákàtí 19. Ọ̀kan jẹ́ òkú ìràwọ̀ tí ó ki pọ́pọ́ tí a mọ̀ sí ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù. Ó ń fa ara ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ra, ohun tí ó ń fà náà sì ń gbóná janjan bí ó ti ń já lù ú, ni ó fi ń tan X-ray.

Láti Etíkun Kẹ́ńyà dé Ihò Dúdú

Ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1970, tí í ṣe àyájọ́ òmìnira ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rán sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ fún ìwádìí X-ray ojú ọ̀run sókè. Orí pèpéle tí àwọn ará Ítálì kọ́ sínú òkun nítòsí Malindi ni ó ti gbéra. Wọ́n sọ ọ́ ní Uhuru, èyí tí ó túmọ̀ sí òmìnira ní èdè Swahili. Uhuru rí orírun ìtànṣán X-ray tí ó lé ní 300.

Lára wọn ni Cygnus X-1. Ní ọdún 1971, ìtànṣán rédíò láti ibẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ojú ibi tí ó wà gan-an, ìràwọ̀ ńlá kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ HDE 226868 sì ni ó wà níbẹ̀. Louise Webster àti Paul Murdin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Tom Bolton ní Kánádà, wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń bá ohun kan tí kò hàn yípo láàárín ọjọ́ 5.6. Ohun náà wúwo ju kí ó jẹ́ ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù lọ. Bí ènìyàn ṣe kọ́kọ́ rí ẹ̀rí tí ó lágbára nípa ihò dúdú nìyẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021 fi hàn pé ó wúwo tó nǹkan bí oòrùn 21. Bí kò bá sí ìràwọ̀ tí ojú lè rí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ìbá lè wọn ohun tí kò ní ìmọ́lẹ̀ rárá.

Ọjọ́ Alẹ́ Rẹ̀

Rossi fẹ̀yìn tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Láti ọdún 1974 sí 1980, ó padà lọ kọ́ni ní Yunifásítì Palermo, ní ilẹ̀ tí ó ti lé e lọ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1987, ó gba ẹ̀bùn Wolf pẹ̀lú Friedman àti Giacconi. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ẹ̀bùn Nobel, bẹ́ẹ̀ ni ó rí i tí Blackett gba tirẹ̀ ní ọdún 1948, tí Bothe sì gbà á ní ọdún 1954, nínú ìmọ̀ tí ẹ̀rọ Rossi wúlò fún púpọ̀. Nígbà tí Giacconi gba ti ìwádìí X-ray ní ọdún 2002, Rossi ti di ará ọ̀run, wọn kì í sì í fi ẹ̀bùn náà dá òkú lọ́lá.

Ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 1993 ni Bruno Rossi jáde láyé ní Cambridge, Massachusetts, ní ẹni ọdún 88. Nora ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́ta, Florence, Frank àti Linda, ni ó bá a kọ́ ilé ayé rẹ̀. Wọ́n gbé eérú rẹ̀ padà sí Florence, sí ibi ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì San Miniato al Monte, nítòsí òkè Arcetri tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀dọ́. Sátẹ́láìtì X-ray kan tí Amẹ́ríkà rán sókè ní ìparí oṣù kejìlá, ọdún 1995 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ó sì ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2012.

Ìgúnlẹ̀

Ìgbé ayé Bruno Rossi fi hàn pé ìmọ̀ kì í gbé ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Ẹni tí ó gbọ́ ìlù yàtọ̀ sí ẹni tí ó mọ agbo ilé, ẹni tí ó mọ agbo ilé sì yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ojú kan onílù. Ará Ítálì ni ó béèrè, ará Jàpáánì ni ó dá ọgbọ́n ibi tí a ó wò, awò Tokyo àti ti Palomar ni ó sì rí i. Ìjọba tí ó lé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jáde nítorí ẹ̀yà rẹ̀ kò pa ìmọ̀ náà. Ilé ara rẹ̀ ni ó mú un kúrò, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń tàn ní ilé ẹlòmíràn. Ilé ìwádìí tí Rossi kọ́ sí Padua wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ohun tí ó rí lẹ́yìn tí wọ́n lé e jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù.